Ìyókù

"Ta ni?"

Ilẹ̀kùn ló ń béèrè. Àkànkẹ́ fẹ́ dáhùn, àmọ́ ìrọbí ti gbá a mú nídìí, èémí nìkan ló ń ti ẹnu rẹ̀ jáde. Ó fọwọ́ ti ògiri, ó fi eyín di ètè ìsàlẹ̀ mú. Ládàpọ̀ ọkọ rẹ̀, tó há àpò aṣọ ọmọ mọ́ abíyá, ń ta kìtì bí ẹni tó tẹ iná mọ́lẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, ìyàwó mi ni," ló sọ fún ilẹ̀kùn. "Ó ń rọbí ni. Ẹ bá wa ṣí i."

"Mo gbọ́ ọ, Ládàpọ̀," ni ilẹ̀kùn fèsì, pẹ̀lú ohùn pẹ̀lẹ́ tí kì í gbóná, tí kì í sì í tutù. "Ìwọ kọ́ ni mo bi. Ta ni?"

"Àkànkẹ́." Ó tiraka kó tó lè pè é.

Ilẹ̀kùn dákẹ́. Ó ń wá ẹkún rẹ̀ nìyẹn. Ẹkún tí Àkànkẹ́ kọ́kọ́ sun lọ́jọ́ tó dáyé, tí wọ́n gbà lẹ́nu rẹ̀ kó tó kan etí ẹ̀dá kankan, ń bẹ lábẹ́ ilé yìí pẹ̀lú ti gbogbo ará Òkè-Ìrọ̀rùn. Ojú èèyàn ṣeé yà, ìtẹ̀ka ṣeé rọ, ohùn àgbà ṣeé sín jẹ. Ayé ti rí gbogbo ìyẹn, ojú wọn sì ti rí màbo. Ẹkún àkọ́ké nìkan ni olè ò lè jí, nítorí kò sẹ́ni tó gbọ́ ọ rí. Àkànkẹ́ alára kò gbọ́ tirẹ̀ rí.

"Mo gbọ́ ọ, Àkànkẹ́. Wọlé. Ìyá kan, oyún kan."

"Méjì ni wọ́n," ni Àkànkẹ́ sọ.

Ilẹ̀kùn kò bá a jiyàn. Ó pín sí méjì láàárín, ó ń retí kó wọlé.

"Àkànkẹ́, má tún bẹ̀rẹ̀, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ ọ́." Ládàpọ̀ wo ọ̀tún, ó wo òsì. "Ẹ̀rọ ní ọkàn kan ṣoṣo ló ń lù nínú rẹ. Ta ló tún ń bí ìbejì láyé yìí? Ìgbà wo lo fojú rí ìbejì kẹ́yìn?"

"Ìyá ìyá mi."

"Kí Òfin Ohùn tó dé nìyẹn. Ìbejì ti tán. Bí ẹja ṣe tán nínú ọ̀sà náà ni wọ́n ṣe tán."

"Bí wọ́n bá tán, ta ló ń ta mí nípàá lọ́tùn-ún, tí ẹlòmíràn tún ń ta mí lósì lẹ́ẹ̀kan náà?"

Ládàpọ̀ rẹ́rìn-ín, irú ẹ̀rín tí ọkùnrin máa ń rín bí ẹ̀rù bá ń bà á. "Ẹsẹ̀ méjì lọmọ ní kẹ̀."

Ó fọwọ́ pa á lẹ́yìn, ó ní kí Ọlọ́run sọ̀ ọ́ kalẹ̀ láyọ̀. Ọkùnrin kì í kọjá ẹnu ọ̀nà yẹn, ẹ̀yìn dígí ló máa dúró sí. Àkànkẹ́ wọlé, ilẹ̀kùn sì pa dé lẹ́yìn rẹ̀ láìdún.

Ilé Ìkúnlẹ̀ ni wọ́n ń pe ilé náà, àmọ́ ẹ má jẹ́ kí orúkọ tàn yín jẹ o. Kò sẹ́ni tó ń kúnlẹ̀ níbẹ̀ mọ́. Orí ibùsùn gíga ni wọ́n ń tẹ́ aboyún sí, kó kọjú sókè, nítorí òkè ni apá ẹ̀rọ so rọ̀ sí. Apá náà ní ìbòrí rírọ̀ kan lẹ́nu, ìwọ̀n orí ọmọ jòjòló. Ìyá Ọkọ ni àwọn obìnrin ìlú sọ ọ́, wọ́n ní òun ló máa ń kọ́kọ́ gba ọmọ mọ́ni lọ́wọ́. Wọ́n á sọ bẹ́ẹ̀, wọ́n á rẹ́rìn-ín, àmọ́ kò sí ẹni tó ń rẹ́rìn-ín lábẹ́ rẹ̀.

Ìyá Láńre, àgbà agbẹ̀bí, ló gbà á lọ́wọ́. "Káàbọ̀, ọmọ mi. Rọra. Bá mi gun ibí yìí." Ọwọ́ ìyá náà lọ́ wọ́ọ́rọ́, ẹnu rẹ̀ sì dùn. Ó kàn jẹ́ pé kì í wo èèyàn lójú pẹ́.

Bí Àkànkẹ́ ṣe fara ti ògiri láti gun ibùsùn, ó mọ̀ ọ́n lára pé ògiri ń kùn. Kì í ṣe pé ó ń pariwo. Ó kàn ń gbọ̀n wìnnì wìnnì lábẹ́ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, bí ìgbà tí oyin bá wà nínú igi. Ó yára gbọ́wọ́ kúrò.

"Má dá a lóhùn," ni ẹnìkan sọ láti orí ibùsùn kejì. "Ẹkún tó wà nísàlẹ̀ ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Èmi náà kọ́kọ́ bẹ̀rù."

Ṣùbúọlá ni, ará àdúgbò rẹ̀, tí àwọn méjèèjì jọ ń gba omi lẹ́nu ẹ̀rọ kan náà. Ó ti bímọ ní ìdájí. Ọmọ náà wà nínú apẹ̀rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ojú rẹ̀ pọ́n, ẹnu rẹ̀ là gbàgà, ahọ́n rẹ̀ ń gbọ̀n, omi ń dà lójú rẹ̀ pẹrẹpẹrẹ. Kò sí ohùn kankan níbẹ̀. Ìlẹ̀kẹ̀ tó wà lọ́rùn ọwọ́ Ṣùbúọlá ló ń tàn pípọ́n.

"Ebi ń pa á." Ṣùbúọlá gbé e sí ọmú. "Ìwọ náà á mọ̀ ọ́n. Bí ìlẹ̀kẹ̀ bá pọ́n, ebi ni. Bó bá dúdú bí aró, ó ti tọ̀ sára nìyẹn."

Bẹ́ẹ̀ náà ni gbogbo wọn ń sunkún ní Òkè-Ìrọ̀rùn, lọ́mọdé lágbà. Ẹnu á là, omi á dà, ohùn kò ní sí, nítorí ẹkún tí wọ́n bá ti gbà lọ́wọ́ ẹni kì í padà wá mọ́. Lọ́jọ́ tí wọ́n sin bàbá Àkànkẹ́, èrò kún inú ọgbà, gbogbo wọn la ẹnu sílẹ̀, alángbá tó ń rìn lórí páànù ni wọ́n sì ń gbọ́. Kò rò ó sí nǹkankan nígbà náà. Lónìí, bó ṣe ń wo ọmọ Ṣùbúọlá, ara rẹ̀ bù máṣọ.

"Ìwọ ti bí, kí ló dé tí o ò tíì lọ sílé?" ló bi Ṣùbúọlá.

"Inú mi ò tíì rọ̀. Màmá agbẹ̀bí ní ìyókù ni."

"Kí ni ìyókù?"

"Ẹ̀jẹ̀ tó dì ni, wọ́n ní ó wọ́pọ̀. Wọ́n á fún mi lóorun díẹ̀, wọ́n á sì yọ ọ́."

Ó wí bẹ́ẹ̀, ó sì fọwọ́ gbá inú rẹ̀. Inú náà le, ó ga lábẹ́ aṣọ. Àkànkẹ́ ń wò ó. Aṣọ náà mira. Nǹkan kan yọ gongo lábẹ́ rẹ̀, ó rìn láti ọ̀tún sí òsì, ó sì wọlé padà.

"Wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ a máa rìn," ni Ṣùbúọlá sọ. Kò wo ojú Àkànkẹ́ bó ṣe ń sọ ọ́.

Ìgbà náà ni Morádékẹ́ wọlé, Aṣọ́hùn ilé náà, ọ̀dọ́bìnrin tó wọ ẹ̀wù funfun tí fìlà rẹ̀ kò yẹ̀ rárá. Ó na ọwọ́ kan Ìyá Ọkọ, ó dán ìbòrí rẹ̀ wò, ó wá kọjú sí Àkànkẹ́, ó ń ka òfin bí ẹni ń ka àdúrà òwúrọ̀.

"Ẹ gbọ́ o, ìyá ìkókó. Bí orí ọmọ bá ti yọ, ẹ má fọwọ́ kàn án. Ìbòrí ló máa kọ́kọ́ kàn án. Bí etí ẹnikẹ́ni bá gbọ́ ẹkún yẹn kí ìbòrí tó gbà á, ìbáà ṣe etí tiyín, ó ti bàjẹ́ nìyẹn. Ilẹ̀kùn ò ní mọ̀ ọ́n, omi ò ní ṣàn fún un, a ó sì gbé e lọ sí Ẹ̀yìn Odi, lọ́dọ̀ àwọn tí ń fi ọwọ́ ara wọn ṣí ilẹ̀kùn." Ó yínmú. "Ẹ̀yin ẹ wo ìyà! Kí èèyàn elẹ́ran ara máa fi ọwọ́ ṣí ilẹ̀kùn!"

"Àǹtí, bí wọ́n bá jẹ́ méjì ńkọ́?"

"Méjì kì í sí."

"Ẹ wo inú Ṣùbúọlá."

Morádékẹ́ rẹ́rìn-ín, inú rere ló fi rẹ́rìn-ín. "Ìyókù nìyẹn. Ẹ má bẹ̀rù rẹ̀. Èmi náà bímọ sórí ibùsùn yìí lọ́dún tó kọjá, mo sì ní ìyókù. Mo sùn, mo jí, wọ́n ti yọ ọ́. Mo ti gbàgbé ẹ." Ó sì fọwọ́ kan abẹ́ ìdodo rẹ̀ fìrí, bí ẹni tí kò mọ̀ pé òun ṣe bẹ́ẹ̀.

Ó jáde. Ìyá Láńre àti ọmọṣẹ́ kan wá ti ibùsùn Ṣùbúọlá lọ sí yàrá inú. Ṣùbúọlá juwọ́ sí Àkànkẹ́ bó ṣe ń lọ. Ilẹ̀kùn yàrá inú là, ó sì pa dé.

Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni Àkànkẹ́ gbọ́ ẹkún tó ní ohùn láyé rẹ̀. Ọmọdé ni nígbà náà. Ìyá ìyá rẹ̀, Kẹ́hìndé, ẹni tí wọ́n bí kí òfin tó dé, gbọ́ pé Táyé òun kú. Ìyá arúgbó náà ká ọwọ́ lórí, ó figbe ta. Gbogbo àdúgbò sá wọlé, wọ́n rò pé ẹranko ló fo odi. Àkànkẹ́ nìkan ló dúró, tó rọ̀ mọ́ ìró rẹ̀.

"Èmi ni mo rán an," ni arúgbó náà ń wí. "Èmi àgbà ni mo rán an pé kó lọ bá mi tọ́ ayé wò. Ó débẹ̀, ó ké sí mi, mo gbọ́ pé ayé ṣeé wá, mo bá tẹ̀lé e. Ká ní kò ké ni, n bá ṣì jókòó síbi tí mo wà. Ó wá tún ṣáájú mi lọ síbòmíràn, n ò sì gbọ́ igbe rẹ̀."

Láti ìgbà tí oyún yìí ti di nǹkan ni ọ̀rọ̀ yẹn kò jẹ́ kí Àkànkẹ́ gbádùn. Ṣé bí àwọn ìbejì ṣe tán láyé nìyẹn? Wọn ò tán. Wọ́n ń wá. Ẹni àkọ́kọ́ ń jáde, ẹ̀rọ ń gba igbe lẹ́nu rẹ̀, ẹnìkejì á sì jókòó sínú òkùnkùn, á máa retí.

Ìrọbí tún dé, ó le ju ti ìṣáájú lọ. Ìyá Láńre ti padà wá, ó di itan rẹ̀ mú.

"Màmá," ni Àkànkẹ́ wí nígbà tó ráyè mí, "ẹ jẹ́ kí eléyìí ké."

"Kó ké báwo?"

"Kó ké síta. Kí ẹnìkejì rẹ̀ lè gbọ́."

Ìyá Láńre fi ọwọ́ bò ó lẹ́nu. "Má tún sọ ọ́! Ṣé orí ẹ pé? Ṣé o fẹ́ sọ ọmọ tí o bí di aláìnílé ni?"

Àkànkẹ́ gbé ọwọ́ náà kúrò. "Ẹ wò mí lójú, Màmá. Ṣé ẹ̀jẹ̀ ni ẹ̀ ń yọ nínú yàrá yẹn?"

Ìyá náà kò wò ó. Ó ń tún etí aṣọ ibùsùn ṣe, etí aṣọ tó ti gún tẹ́lẹ̀. "Iṣẹ́ tí wọ́n gbé lé mi lọ́wọ́ ni mò ń ṣe," ló sọ. "Ti ọmọ, ó ya. Orí ti ń bọ̀."

Kí n má parọ́ fún yín, ẹ̀rù ba Àkànkẹ́. Bí ìbòrí bá gba igbe Táyé, Táyé á ní ilé, á mu omi ìlú, á dàgbà láàárín ẹgbẹ́ rẹ̀. Kẹ́hìndé á kú, wọn á sì pè é ní ìyókù. Bí Táyé bá ké sí gbangba, Kẹ́hìndé á wá, àmọ́ kò sí ilẹ̀kùn kan ní Òkè-Ìrọ̀rùn tó máa ṣí fún Táyé títí ayé. Èwo ni kí ìyá mú? Ta ló máa ń bi ìyá ní irú ìbéèrè yìí lórí ìkúnlẹ̀? Ó ronú kan ọkọ rẹ̀ lẹ́yìn dígí, tó ti to ibùsùn ọmọ kan ṣoṣo sílẹ̀. Ó wù ú kó dùbúlẹ̀ jẹ́ẹ́, kó di ojú, kí ẹlòmíràn pinnu fún un. Ó di ojú lóòótọ́.

Ìgbà náà ni wọ́n ta á nípàá, lọ́tùn-ún àti lósì, lẹ́ẹ̀kan náà.

Àkànkẹ́ yí ẹsẹ̀ kúrò lórí ibùsùn.

"Ibo lò ń lọ? Àkànkẹ́! Ibo lò ń lọ?"

Ó sọ̀kalẹ̀, ó di irin ibùsùn mú, ó sì wó lé orúnkún rẹ̀ méjèèjì. Ilẹ̀ tutù. Kò tíì rí obìnrin tó kúnlẹ̀ bímọ rí, kò sẹ́ni tó kọ́ ọ, síbẹ̀ bí orúnkún rẹ̀ ṣe kanlẹ̀, ìbàdí rẹ̀ là bí ẹni tó ti mọ̀ ọ́n ṣe tipẹ́tipẹ́. Lókè, Ìyá Ọkọ jí. Apá náà nà wá sísàlẹ̀, ìbòrí ẹnu rẹ̀ ń ṣí, ó ń pa dé. Ó dé etí ibùsùn, kò gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ.

"Ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbé ọmọ sókè," ni ẹ̀rọ náà wí pẹ̀lú ohùn ilẹ̀kùn. "Ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbé ọmọ sókè."

"Morádékẹ́ o! Aṣọ́hùn!" ni Ìyá Láńre kígbe.

Àkànkẹ́ ti ọmọ lẹ́ẹ̀kan, ó dà bí ẹni pé egungun rẹ̀ fẹ́ ya. Orí jáde. Ó tì í lẹ́ẹ̀kejì, èjìká tẹ̀lé e, ọmọ sì bọ́ sí i lọ́wọ́, ó gbóná, ó ń yọ̀, ó wúwo ju bó ṣe rò lọ. Ọmọ náà dákẹ́. Ara rẹ̀ ń dúdú lọ. Àkànkẹ́ fi ẹnu ara rẹ̀ fa omi imú rẹ̀, ó tu ú dànù, ó sì gbé ojú ọmọ náà súnmọ́ inú ara rẹ̀ níbi tó ṣì le, tó ṣì ga.

"Táyé," ló pè é. "Táyé mi, jẹ́ iṣẹ́ tí wọ́n rán ọ."

Morádékẹ́ sáré wọlé pẹ̀lú ìbòrí ọwọ́, èyí tí wọ́n ń tọ́jú de ọjọ́ tí iná bá lọ. "Ẹ bò ó! Ẹ bò ó lẹ́nu!"

Táyé ké.

Báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ ọ́ fún yín, ẹ̀yin tí ẹkún ọmọ kì í jẹ́ kí ẹ sùn? Àwọn èèyàn yìí kò gbọ́ ọ rí. Ohùn tínrín kan ni, ó mú, ó ń gbọ̀n, ó jáde lára ohun tí kò ju ìgbọ̀nwọ́ àgbà lọ, ó sì gba gbogbo ilé. Ìyá Láńre di etí. Ọmọṣẹ́ tó wà lẹ́nu ọ̀nà yàrá inú ju àwo ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Morádékẹ́ dúró gbagidi láàárín ilé, ìbòrí wà lọ́wọ́ rẹ̀, omi sì bẹ̀rẹ̀ sí í yọ láyà ẹ̀wù funfun rẹ̀, lọ́tùn-ún, lósì, ó ń fẹ̀ sí i. Ó wo àyà ara rẹ̀ bí ẹni pé ti ẹlòmíràn ni. Ó ti já ọmọ rẹ̀ lẹ́nu ọmú.

Ògiri kò kùn mọ́. Gbogbo ohun tó wà nísàlẹ̀ dákẹ́, wọ́n ń fetí sílẹ̀.

Àkànkẹ́ náà ń fetí sílẹ̀. Inú rẹ̀ dúró jẹ́ẹ́. Kò sí ìpá, kò sí ìrọbí. Táyé ń ké, ó ń ké, kò sì sẹ́ni tó dá a lóhùn. Àkànkẹ́ rò ó pé, àbí mo ṣi í ṣe? Àbí mo ba ayé ọmọ mi jẹ́ lásán? Kò tíì sí ohun tó dà bí ìbẹ̀rù yẹn láyé rẹ̀.

Inú rẹ̀ yí. Nǹkan ńlá kan kọjú sí ìsàlẹ̀, wọ́ọ́rọ́wọ́, bí àgbà tó ń dìde lórí àga. Ìrọbí bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun.

"Ọlọ́run mi," ni Ìyá Láńre sọ. Ó ti wà lórí orúnkún tirẹ̀ náà, kò mọ ìgbà tó débẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì ló fi gba Kẹ́hìndé, ó sì gbé e lé Àkànkẹ́ lápá kejì.

Kẹ́hìndé kò ké. Ó la ojú, ó ń wo iná, ó ń wo àwọn àgbà náà lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì ń mí wẹ́rẹ́.

Morádékẹ́ ti gba ara rẹ̀ mú. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ohùn rẹ̀ rọ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ máa bẹ̀bẹ̀. "Ìyá ìkókó, ẹ gbọ́ tèmi. Ti àkọ́kọ́ ti bàjẹ́, ẹ̀pa ò bóró mọ́. Àmọ́ eléyìí ò tíì ké. Ẹ jẹ́ kí n bò ó. Ó kéré tán, ọ̀kan nínú wọn á ní ilé. Ṣé ẹ fẹ́ pàdánù méjèèjì ni?"

Ọ̀rọ̀ náà wọ Àkànkẹ́ lára. Òótọ́ ni. Ọ̀kan á ní ilé. Ọwọ́ rẹ̀ ti ń gbé Kẹ́hìndé lọ síwájú, mo ní kí n má parọ́ fún yín, ọwọ́ rẹ̀ ti ń gbé e lọ, ìbòrí sì ti là.

Igbe kan dún láti yàrá inú.

Kì í ṣe ti Táyé, Táyé ti sinmi. Kì í ṣe ti Kẹ́hìndé. Èyí rinlẹ̀ ju ti Táyé lọ, ó ń já, ó ń tún so. Lẹ́yìn rẹ̀ ni wọ́n gbọ́ ohùn Ṣùbúọlá, tí oorun ẹ̀rọ kò tíì gbé lọ tán: "Ẹ gbà mí o! Ó jáde fúnra rẹ̀! Ó ń mí o! Ó ń wò mí!"

Morádékẹ́ gbójú sókè. "Kí nìyẹn?"

"Ìyókù ni," ni Àkànkẹ́ dáhùn. "Òun náà gbọ́ ọ."

Morádékẹ́ wo ilẹ̀kùn yàrá inú. Ó wo ìbòrí ọwọ́ rẹ̀. Ó tún fọwọ́ kan abẹ́ ìdodo rẹ̀, àmọ́ kò gbé e kúrò kíákíá bíi ti ìṣáájú. Ó yíjú sí Ìyá Láńre, bí ọmọdé ni ohùn rẹ̀ ṣe jáde.

"Màmá. Tèmi ńkọ́? Ṣé ó ń mira, nígbà tí ẹ yọ ọ́?"

Ìyá Láńre la ẹnu. Omi dà lójú rẹ̀, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n, ẹnu rẹ̀ ṣí sílẹ̀ gbàgà, kò sì sí ohùn kankan níbẹ̀. Morádékẹ́ wò ó títí. Ìbòrí bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ìgbà náà ni Kẹ́hìndé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ké.

Ìyá Láńre gé ìwọ́ wọn, ó sì di ibi ọmọ sínú aṣọ mímọ́ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni rán an, nítorí ó mọ̀ pé ilẹ̀ tí wọ́n ń lọ ló yẹ kó gbà á. Àkànkẹ́ di Táyé mọ́ apá ọ̀tún, ó di Kẹ́hìndé mọ́ apá òsì, ó sì ń rìn lọ sí ẹnu ọ̀nà. Ládàpọ̀ ti wà níbẹ̀, ó fi iwájú orí lé dígí ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn, ó di etí méjèèjì.

"Ta ni?" ni ilẹ̀kùn bi.

"Àkànkẹ́."

"Mo gbọ́ ọ, Àkànkẹ́. Àwọn méjì tó wà lọ́wọ́ rẹ, n kò gbọ́ wọn rí."

Ilẹ̀kùn kò ṣí.

"Àkànkẹ́!" Ládàpọ̀ ń kígbe lẹ́yìn dígí. "Kí ló ń dún báyẹn? Kí ló ń ṣe ẹ́? Kí ló ń dún?"

"Àwọn ọmọ rẹ ni," ni Àkànkẹ́ sọ. Ó gbé wọn sókè kó lè rí wọn dáadáa. "Méjì ni wọ́n, mo sọ fún ẹ. Kò sí ilẹ̀kùn tó mọ èyíkéyìí nínú wọn. Ẹ̀yìn Odi là ń lọ. O lè tẹ̀lé wa, o sì lè padà sílé, n ò ní bínú sí ẹ."

Ládàpọ̀ sọ ọwọ́ kalẹ̀ kúrò létí. Ó wo ọ̀kan, ó wo èkejì. Àkànkẹ́ rò pé ó fẹ́ sá ni, kò sì dá a lẹ́bi.

"Ta ni?" ni ilẹ̀kùn bi.

Ládàpọ̀ ju àpò sílẹ̀. Ó wá ibi tí ilẹ̀kùn ti pín sí méjì, ó ki ìka rẹ̀ bọ ibẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fà. Kò mọ̀ ọ́n ṣe. Èékánná rẹ̀ ya, ẹ̀jẹ̀ yọ, ó ń fà.

"Ta ni? Ta ni?"

Morádékẹ́ tẹ̀ kọjá lára Àkànkẹ́, àyà ẹ̀wù rẹ̀ ṣì tutù, fìlà rẹ̀ ti ṣí. Kò dá ilẹ̀kùn lóhùn. Ó ki ọwọ́ méjèèjì bọ ẹ̀gbẹ́ tinú, ó sì ń fà pẹ̀lú rẹ̀.